Bí Ẹsẹ̀ Oníjó Báléè Ṣe Jáde Láti Ààfin Ọba

Ẹ káàbọ̀. Ijó báléè (ballet), ijó orí ìtàgé àwọn Òyìnbó, la fẹ́ kọ́ lónìí, kì í ṣe baálé ilé o. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ sì di ẹ̀yìn àga mú.

Ẹ pa gìgísẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ síta. Láti oríkèé itan ni kí ẹ ti yí i. Bí orúnkún kò bá kọjú síbi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, ẹ dín in kù, torí orúnkún ni yóò jìyà rẹ̀. Ipò kìn-ín-ní nìyẹn. Ààfin ló ti wá. Àwọn ọlọ́lá Ítálì ló kọ́kọ́ ń jó irú ijó yìí níbi àsè wọn. Catherine de' Medici, tí ó lọ fẹ́ ọmọ ọba Faransé ní 1533, sì di alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní ààfin ọkọ rẹ̀. Ọba Louis Kẹrìnlá ti Faransé jó bí Apollo, òrìṣà oòrùn, ní 1653, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá oníjó sílẹ̀ ní 1661. Pierre Beauchamp, olùkọ́ ijó rẹ̀, ni wọ́n ní ó to ipò ẹsẹ̀ márààrún lẹ́sẹẹsẹ. Lójú àwọn ará ààfin, ẹsẹ̀ tí ó yí síta jẹ́ àmì ẹni tí a kọ́ nílé, ṣùgbọ́n wọn kì í yí i tó tòde òní. Orí ìtàgé ni ó ti ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, tààfin ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Ibí yìí ni àwa tí a ti ń jó bàtá láti kékeré ti máa ń ṣìṣe, torí ara wa ti mọ́ títẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán níhìn-ín, bí ẹni tí ó ru omi tí kò fẹ́ kí ó dànù.

Ẹ nà padà, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹ má tíì gun ṣóńṣó ìka o! Marie Taglioni, oníjó báléè tí ó sọ gígun ṣóńṣó ìka di ohun àrà ní Paris ní 1832 nínú eré báléè La Sylphide, ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, bàtà rẹ̀ kò sì ní ohun líle kankan nínú: òwú tí wọ́n fi rán etí rẹ̀ ló ń tì í lẹ́yìn. Bàtà líle ti ìsinsìnyí dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kí ẹ wá yíjú padà, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di àga mú.