Ohun Tí O Ń Kà Yìí, Ṣé Ó Yé Ọ?

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ṣé dáadáa la jí? Mo kí gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, nílé àti lẹ́yìn odi. Ọyẹ́ ti mú lọ́dọ̀ wa. Eruku ti bo ewé máńgòrò iwájú ilé, ètè sì ti ń là. Àmọ́ ẹ̀mí wà, ara le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ibi tí a ó kà láàárọ̀ yìí ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:26–40. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á tán, mo ń dúró dè yín.

Ẹ wo ọkùnrin inú kẹ̀kẹ́ yẹn. Ìwẹ̀fà ni, ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, lábẹ́ Káńdákè ọbabìnrin àwọn ará Etiópíà, òun ló sì ń ṣe olórí ìṣúra rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ kò ní béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ìwẹ̀fà jẹ́. Láàfin Aláàfin nígbà Ọ̀yọ́-Ilé, Ọ̀nà Ẹfà, Ọ̀tún Ẹfà àti Òsì Ẹfà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán pè. Òsì Ẹfà ló tiẹ̀ ń bójú tó owó tó ń wọlé fún ọba. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Lúùkù ń sọ fún wa. Ó mọ̀wé, ó lówó, ó ní ìwé Àìsáyà tirẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń da gbogbo ìwé kọ. Ó ti rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó ti jọ́sìn tán, ó ń padà sílé. Síbẹ̀, ohun tó ń kà kò yé e.

Mo máa ń ronú lórí èyí lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Mélòó nínú wa ló ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ bẹ́ẹ̀? A wọ aṣọ ẹgbẹ́, a kọrin, a jó dé iwájú pẹpẹ, a sì gbé ìbéèrè tí a gbé lọ padà wálé.

Fílípì ajíhìnrere, tí Ẹ̀mí rán sí i, sáré bá kẹ̀kẹ́ náà, ó ní, “Ohun tí o ń kà yìí, ṣé ó yé ọ?” Olórí ìṣúra kò bínú. Kò ní, “Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?” Ó ní báwo ni yóò ṣe yé òun, bí kò ṣe pé ẹnìkan tọ́ òun sọ́nà? Ó sì bẹ Fílípì pé kó gòkè wá, kó jókòó ti òun.

Ibẹ̀ gan-an ni mo dúró sí lónìí. Fílípì kò dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ títì. Ó gòkè, ó jókòó, ibi tí ọkùnrin náà ti ń kà ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó wà ní JSS 2, ló ń ka orí kẹjọ yìí kan náà fún wa níbi àdúrà. Orí fóònù ló ti ń kà á. Èmi ṣí Bíbélì mi àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já tí mo fi òwú dúdú gán. Ó ka ẹsẹ 36, ó bọ́ sí 38. Mo ní, “O fo ẹsẹ kan.” Ó ní, “Màmá àgbà, mi ò fò ó o, kò sí níbẹ̀.” Mo gba fóònù, mo fi etí ìró mi nu ojú rẹ̀, mo tún wò ó. Òótọ́ ni, 36, lẹ́yìn náà 38. Nínú tèmi, ẹsẹ 37 wà níbẹ̀ gbàgbàgbà, níbi tí ìwẹ̀fà ti jẹ́wọ́ pé Jésù Kristi, Ọmọ Ọlọ́run ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti fò sókè: “Wọ́n ti yọ ọ́! Àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ló yọ ọ́!” Ẹ̀yin náà á ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp.

Ó yá mi lẹ́nu láti ní, “Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ilé ìwé ti ń pẹ́ yín.” Ọlọ́run ló ràn mí lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo sì ṣàlàyé ohun tí pásítọ̀ kan ti ṣàlàyé fún èmi náà rí. Nígbà tí Lúùkù kọ ìwé Ìṣe, kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó lé ní 1,300 ọdún tí wọ́n fi ń fọwọ́ dà á kọ láti inú ìwé kan sí òmíràn. Nínú àwọn ẹ̀dà tó pẹ́ jù lọ tó wà lọ́wọ́, ẹsẹ 37 kò sí; inú díẹ̀ lára àwọn tó dé lẹ́yìn ló wà. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti àná: Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù kan ní nǹkan bí ọdún 180, mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ púpọ̀ rò pé ìjẹ́wọ́ tí àwọn Kristẹni ìgbàanì máa ń ṣe létí omi kí a tó rì wọ́n ni, pé ẹnìkan kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ẹni tó dà á kọ lẹ́yìn rẹ̀ sì mú un wọ àárín. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ òde òní ṣe gbé e sí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé. Kò sí olè níbẹ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n ṣí Róòmù 10:9, ó kà á, ìjẹ́wọ́ kan náà ló bá níbẹ̀.

Àkàrà ti tutù kí a tó ṣe Àmín. Báàgì ilé ìwé ti wà léjìká wọn láti ìgbà tí a ti wà lórí Irenaeus. Àmọ́ ọmọkùnrin yẹn dé láti ilé ìwé lọ́sàn-án, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, “Màmá àgbà, ẹsẹ mìíràn ha wà bẹ́ẹ̀?”

Mi ò mọ ìyẹn-ún ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ará. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọmọkùnrin kan máa ń jókòó síwájú, bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ojú rẹ̀ kì í gbé ilẹ̀. Ó nawọ́ sókè, ó ní, “Tísà, níbo ni Kéènì ti rí ìyàwó?” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìdáhùn, ojú tì mí, mo sì fi ìbínú bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Mo ní ọmọ burúkú ló ń bi Ọlọ́run ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kúnlẹ̀.

Jẹ́nẹ́sísì 4:17 ló sọ nípa ìyàwó Kéènì. Jẹ́nẹ́sísì 5:4 sọ pé Ádámù bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin mìíràn. Kò ju kí n ṣí ewé kan lọ! Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kúrò níwájú, ó lọ jókòó sáàárín. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí i mọ́. Mo pàdé rẹ̀ ní Tákìé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti di bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ ọ̀rọ̀ fún un, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní òun ti gbàgbé. Èmi kò gbàgbé.

Ta ló sọ fún wa pé ìbéèrè jẹ́ àìgbàgbọ́? Olúwa wa, ní ọmọ ọdún 12, àárín àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti bá a, ó ń gbọ́ tiwọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Nígbà tí Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé òkúta 12 kalẹ̀, kí àwọn ọmọ lè béèrè lọ́jọ́ iwájú pé kí ni ti òkúta wọ̀nyí. Ẹ ò rí i? Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló to ohun tí ọmọ máa béèrè sílẹ̀! Abéèrè kì í ṣìnà, àwọn baba wa ti wí bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta gààrí ní Ọjà Jagun pè mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn. Ó wo ọ̀tún wo òsì. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú o. Ìdá mẹ́wàá yìí, ṣé nínú gbogbo owó tí mo bá pa ni, àbí nínú èrè?” Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń yọ ọ́ nínú gbogbo owó tó bá wọlé, owó ọjà sì ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àwìn ló fi ń gba gààrí. Ojú ń tì í láti béèrè, kí wọ́n má baà ní ó fẹ́ ja Ọlọ́run lólè.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì. A ṣí Diutarónómì 14:22 àti Òwe 3:9. Ìbísí ni Ọlọ́run ń sọ níbẹ̀. Mo ní, ká ní o fi ₦40,000 ra ọjà, o san ₦1,000 ọkọ̀, o sì tà á ní ₦46,000. ₦5,000 ni Ọlọ́run fi bù kún ọ, ₦500 ni ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Bí o bá yọ ọ́ nínú ₦46,000, ₦4,600 ti lọ, ₦400 ló kù fún ìwọ àti àwọn ọmọ. Owó ọjà rẹ, èbù ni, àgbẹ̀ kì í tú èbù rẹ̀ ká. Ó ṣírò ó lẹ́ẹ̀mejì lórí ìka rẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Mo mọ̀ pé àwọn Kristẹni kan gbà pé ìdá mẹ́wàá kò di dandan lábẹ́ májẹ̀mú tuntun, pé 2 Kọ́ríńtì 9:7, ọrẹ àtinúwá, ló kù. Èmi ń san tèmi, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi ń san án. Àmọ́ ẹ̀yin tó wà lórí pẹpẹ, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ṣàlàyé èyí fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn ń dùn mí.

Àwọn ìbéèrè kan kò gba àkókò. “Ran ara rẹ lọ́wọ́, kí n lè ràn ọ́ lọ́wọ́,” kò sí nínú Bíbélì, bó ti wù kí a pa á tó. Róòmù 5:6 tilẹ̀ sọ pé nígbà tí a jẹ́ aláìlera ni Kristi kú fún wa. Bíbélì kò sọ pé owó ni gbòǹgbò ibi, ìfẹ́ owó ló wí, 1 Tímótì 6:10. Bí ọmọ bá sì béèrè ìdí tí àwa àti àwọn Mùsùlùmí àdúgbò fi jọ ń pe àdúrà ní àdúrà, ìwàásù ní ìwàásù, ẹ má ta kú: ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ èdè wa. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, bá ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lẹ́nu àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì fi wọ́n túmọ̀ Ìwé Mímọ́. Ní 1884 ni odindi Bíbélì jáde lédè Yorùbá. Kò ṣiṣẹ́ ọdún gbọọrọ bẹ́ẹ̀ kí a lè máa fi Bíbélì sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìlú wa ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898. A kò ṣe aláìní ẹni tí a lè bi. Ẹni tí wọ́n bá bi, tí kò mọ̀, kó ní, “Jẹ́ kí n lọ wò ó,” kó sì lọ wò ó lóòótọ́. Àwọn ará Bèréà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wò lójoojúmọ́, Bíbélì sì yìn wọ́n fún un.

Ìwọ tí o ń béèrè ńkọ́? Ìbéèrè kan kù tí ìwẹ̀fà béèrè. Ó rí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní, kí ló dá mi dúró láti ṣe ìrìbọmi? Kò béèrè láti fi borí Fílípì lẹ́nu. Ohun tó yé e ló fẹ́ ṣe. Àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ pẹ̀lú ayọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ pé o jí wa sínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ yìí. O kò ta wá nù nítorí ohun tí kò yé wa.

Olúwa, gbogbo ibi tí a ti ń ka ọ̀rọ̀ rẹ bí ẹni ń ka ìwé àjèjì, rán Fílípì tiwa sí wa. Kó má rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Kó gòkè wá bá wa.

Ẹ̀mí Mímọ́, là wá lójú inú. Bí a bá ti ń ṣí Bíbélì láàárọ̀, kí ọ̀rọ̀ máa bá wa sọ̀rọ̀.

Bàbá, dárí jì wá, àwa òbí, àwa olùkọ́, àwa àlùfáà, níbi tí a ti fi ìbínú bo àìmọ̀kan wa mọ́lẹ̀. Fún wa ní sùúrù tó lè jókòó.

Olúwa, bá àwọn ìyá wa ní Ọjà Jagun àti ní Wàásò pàdé lónìí. Bù kún èrè wọn, má jẹ́ kí owó ọjà wọn run. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ rẹ kó wọn sí gbèsè.

Àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé láàárọ̀ yìí nínú ọyẹ́, bò wọ́n. Kí ìbéèrè wọn má kú sí wọn nínú.

Àwọn tó ti jókòó síwájú rí, tó wá di ẹ̀yìn, tó wá wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí a kò rí mọ́: Jésù, ìwọ mọ orúkọ wọn, o mọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Lọ bá wọn nílé kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Àmín.