Owó táyà ò sí nínú èrè: ohun tí mo sọ fún àwọn tó fẹ́ ra tírélà

Ohun tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Challenge n'Íbàdàn níbí lọ́jọ́ Sátidé nìyí, mo tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tí ò ráàyè wá.

Ẹ jẹ́ n ti ibi táyà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Tírélà tí orí ẹ̀ ń lo táyà mẹ́wàá, tí ẹ̀yìn tó ń fà ń lo méjìlá, 22 nìyẹn, a ò tíì ka sípíà. Ká ní ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦400,000, ká tún ní ó máa rin 80,000 kìlómítà kó tó jẹ tán. ₦8,800,000 ni gbogbo ẹ̀, tẹ́ ẹ bá pín in, ₦110 ni táyà ń jẹ ní kìlómítà kan ṣoṣo. Íbàdàn sí Èkó tó 127 kìlómítà, àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 254, nǹkan bíi ₦28,000 ti bá táyà lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò ná an lójú yín, kò sí rìsíìtì, táyà ò sì tíì bẹ́.

Èmi ò mọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Tí dírẹ́bà bá ti kówó dé, tí mo yọ owó epo àti owó oúnjẹ wọn, mo gbà pé èrè nìyókù, mo fi ń san owó ilé-ìwé, mo fi ra ilẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Òjóò, táyà ẹ̀yìn bẹ́, fọkanáísà wá tan tọ́ọ̀ṣì sáwọn tó kù, ó ń fọwọ́ pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan, wáyà ti yọ síta lára mẹ́rin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yìí ò gbọdọ̀ kúrò níbí o." Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dúró, ẹrù oníbàárà wà lórí ẹ̀, èmi ń yáwó kiri.

Ti epo díísù, tírélà tó gbẹ́rù, ẹ fi 40 lítà ṣírò 100 kìlómítà, ìyẹn tí ọ̀nà bá já geere. Tó bá wà nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ tí wọn ò pa ẹ́ńjìn, ó ń mu tó lítà mẹ́ta ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́wàá ní Àpápá, 30 lítà ti lọ láìrin ibì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe dírẹ́bà lólè, ẹ kọ́kọ́ bi í pé wákàtí mélòó ló fi tò. Táyà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò tó náà ń jẹ epo, kí mọ́tò-bọ́ì má kàn fi igi lù ú kó ní ó le, ẹ ra géèjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ fún un.

Àbúrò kan wá bi mí pé tí owó ẹrù ò bá gbé gbogbo ìnáwó yìí ńkọ́. Mo ní kó má gbé e. Tẹ́ ẹ bá máa lọ gbé kọ̀nténà l'Ékòó, tí mọ́tò sì ṣófo lọ, kìlómítà 254 lẹ máa fi dá owó lé e, kì í ṣe 127, torí mọ́tò ò mọ̀ pé òun ò gbẹ́rù lọ, táyà ń jẹ, epo ń lọ. Tó bá sì padà dé, ẹ wo kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ yọ owó táyà sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kílẹ̀ tó mọ́.