Ìpolówó Ọjà Tí Apá Oníṣòwò Kékeré Ká

Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá.

Ẹni tó bá ń dá ṣòwò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, òun ló ń rajà, òun ló ń tà á, òun náà ló tún ń sin gbèsè. Tí wọ́n bá wá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe fídíò sí TikTok láràárọ̀, kó wà lórí Facebook, kó tún wà lórí Instagram, ọ̀rọ̀ náà á ti sú u kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi tọ́jú àwọn tó ti rajà lọ́wọ́ yín rí. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, WhatsApp ni ọ̀nà yẹn, torí ó ti wà lórí fóònù wa.

Ká ní ìyá kan ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jagun. Ó ń gbé fọ́tò rẹ̀ sí status WhatsApp rẹ̀, àmọ́ ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló ń wò ó, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà oníbàárà kún fóònù rẹ̀. Kí ló fà á? WhatsApp kì í fi status yín han ẹni tí kò bá séèfù nọ́ńbà yín. Ẹ ní tiwọn, àwọn ò ní tiyín. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, ọ̀pọ̀ kì í sì í débẹ̀. Tí oníbàárà bá ti sanwó, tẹ́ ẹ ń di ọjà fún un, ẹ sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi séèfù nọ́ńbà mi, ẹ kọ Ìyá Elélùbọ́ Jagun síbẹ̀.” Ẹ dúró kó tẹ̀ ẹ́ lójú yín, kó fláàṣì yín, kẹ́ ẹ séèfù tiẹ̀ náà. Ẹ tún kọ nọ́ńbà yín sára ọ̀rá tẹ́ ẹ fi di ọjà, torí àlejò tó bá jẹ àmàlà yẹn nílé rẹ̀ lè fẹ́ mọ ẹni tó tà á.

Fọ́tò ńkọ́? Ẹ wo méjì yìí. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ya ti àkọ́kọ́, lábẹ́ gílóòbù. Èlùbọ́ náà wá rí bí eérú. Ti èkejì, wọ́n gbé àwo síta láàárọ̀, wọ́n bu kọ́ńgò kan sí i, wọ́n ro àmàlà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kéèyàn lè rí bó ṣe ń dán. Èlùbọ́ kan náà ni o! Wọ́n wá kọ iye owó kọ́ńgò kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ iye owó. Ẹni tó ń tijú àtibèèrè kò ní bèèrè, á kàn kọjá lọ ni. Wákàtí 24 ni status ń lò, nítorí náà ẹ mú ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tí apá yín máa ká, kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́.

Fún àwọn tó jìnnà, broadcast wà lórí WhatsApp, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àkójọ kan ń gba nọ́ńbà 256, èsì ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì wá bá yín nìkan. Òun náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá séèfù yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Under G, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì LAUTECH, ẹ mọ bí àdúgbò ṣe máa ń dá páropáro tí ilé ẹ̀kọ́ náà bá gba ìsinmi. Ẹ má dúró dìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé. Aránṣọ lè kọ̀wé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé: “Ìwọ̀n yín ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá fi aṣọ ránṣẹ́ báyìí, ẹ ó bá a ní rírán.”

Ìpolówó tí wọ́n ń sanwó fún lórí Facebook ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò ní gbà yín níyànjú kẹ́ ẹ yáwó ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ ra ìwé kékeré kan. Oníbàárà tuntun tó bá dé, ẹ bi í pé, “Báwo lẹ ṣe mọ̀ wá?” Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀: status, ọ̀rẹ́, ọ̀rá, ó kàn ń kọjá lọ. Tó bá di ìparí oṣù, ẹ kà wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti ń wá jù ni kẹ́ ẹ náwó sí lóṣù tó ń bọ̀, èyí tí kò bá mú ẹnikẹ́ni wá, ẹ fi í sílẹ̀.