Àyè Kan Ṣoṣo Nínú Bọ́ọ̀sì

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Dèjì, ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi o. Òjò ń rọ̀ ní Peckham. Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní ibùdókọ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́ wọn, iṣu wà lórí itan wọn. Bọ́ọ̀sì dé, kẹ̀kẹ́ ọmọ ti gba àyè wọn. Dẹ́rẹ́bà ní kí wọ́n dúró de òmíì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ!

DÈJÌ: Ṣebí ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ la ní a máa sọ lónìí?

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ìyẹn á dúró. Ṣé o mọ ohun tójú rí kí àyè yẹn tó wà? Àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn àkàndá ẹ̀dá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ara wọn mọ́ bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù níbí! Wọ́n jà títí òfin 1995 tó ń dáàbò bo àwọn àkàndá ẹ̀dá fi jáde. Òun ló bí ìlànà 2000, tó ní kí bọ́ọ̀sì tuntun ní àyè àga oníkẹ̀kẹ́, ó kéré tán ẹyọ kan. Ẹyọ kan, Dèjì!

DÈJÌ: Àǹtí, èmi náà ti gbé ìbejì wọ bọ́ọ̀sì rí. Ọ̀kan ń ké, èkejì ń bì sí mi lára. Ibo ni kí ìyá ọmọ yẹn gbà?

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Kó gbé ọmọ, kó ká kẹ̀kẹ́! Ta ló máa gbé màmá?

DÈJÌ: Ẹ má bínú sí mi o.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí. Ohun tó ṣe Doug Paulley, ọkùnrin kan tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, ní 2012 nìyẹn, tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ti Wetherby lọ Leeds. Ọmọ ń sùn nínú kẹ̀kẹ́, ìyá ẹ̀ ní òun ò kúrò. Ó pe ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lẹ́jọ́. Ẹjọ́ ọ̀hún dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n dá a ní January 2017. Wọ́n ní kí dẹ́rẹ́bà kàn bẹ ẹni tó gba àyè náà lẹ́ẹ̀kan, kó máa wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ, ìyẹn ò tó. Bí ẹni yẹn bá ń ṣorí kunkun láìnídìí, kó tún tẹnu mọ́ ọn, kódà kó dá ọkọ̀ dúró díẹ̀ kójú tì í.

DÈJÌ: Kó lé e sọ̀kalẹ̀ ńkọ́?

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Wọn ò débẹ̀. Ó dùn mí.

DÈJÌ: Kúlà ìrẹsì Kérésì yẹn ńkọ́? Àyè yẹn náà kọ́ lẹ gbé e sí?

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: (ẹ̀rín) Mo gbé e kúrò! Kíá ni mo gbé e kúrò!

DÈJÌ: (ẹ̀rín) Èmi ni mo gbé e kúrò, Àǹtí.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Bọ́ọ̀sì kẹta ni màmá wọ̀. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà bí ẹni pé ó ta wọ́n lọ́rẹ.

DÈJÌ: ... Ẹ fún mi ní nọ́mbà wọn. Mo máa gbé wọn lọ ọjà ní Sátidé.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Pẹ̀lú ìbejì?

DÈJÌ: Pẹ̀lú ìbejì. Kúlà ni ò ní lọ.