Ẹni Tó Ṣẹ̀ Ni Kí Òfin Mú: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Fífi Òfin De Ẹgbẹ́ Ẹ̀sìn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olórí ìjọ, ẹ̀yin ààfáà àti ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe tí ẹ péjọ sí Iléṣà lónìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ dá lórí agbára tí ìjọba ní láti fòfin de ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tí ìṣe rẹ̀ ń kọ ará ìlú lóminú. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ni kí wọ́n mú, kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ohun tó ṣe gan-an, kí wọ́n má sì torí rẹ̀ fìyà jẹ gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń sìn.

Kò yẹ kí n rìn jìnnà kí n tó rí àpẹẹrẹ. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ní Òkè-Oòye nílùú yìí, ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì kí ó tó gbọ́ ìpè ní Ìkejì-Arákejì lọ́dún 1928. Èrò ń wọ́ wá láti ìlú gbogbo. Àwọn tó gbàgbọ́ ń kó ère òrìṣà wọn jù sínú iná, omi àdúrà ni wọ́n sì ń mu, wọn kò fẹ́ àgbo, wọn kò fẹ́ òògùn òyìnbó, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ìwòsàn Wesley Guild wà níbí nígbà náà. Ẹ fi ojú ajẹ́lẹ̀ ìgbà yẹn wò ó: ogunlọ́gọ̀ èèyàn tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí wòlíì wọn ń sọ̀rọ̀ àjẹ́ ní gbangba, tí àwọn aláìsàn wọn sì ń kọ òògùn. Bí wọ́n bá ní kí ó dárúkọ ìjọ kan tó léwu, èyí ni ì bá kọ́kọ́ dárúkọ.

Ìjọba amúnisìn fura sí wọn lóòótọ́. Nígbà tí àwọn olórí ìjọ ríṣẹ́ rí ìyà, wọ́n ké sí ìjọ Àpọ́sítélì ti Bìrìtéènì, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ náà sì dé ní 1931. Ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n fi ké sí wọn ni pé ìjọba yóò rọra bá ìjọ tí òyìnbó wà nínú rẹ̀ lò. Ní 1932, Babalọlá fẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura ní ìlú Benin nítorí ìwàásù rẹ̀ lórí àjẹ́. N kò ní gbèjà kí ẹnikẹ́ni máa na ìka sí ọmọnìkejì rẹ̀ pé àjẹ́ ni, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dá lóró, abala 210 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn sì lòdì sí i di òní. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé wòlíì nìkan ni wọ́n gbé lọ sẹ́wọ̀n. Wọn kò ti ìjọ pa. Nínú ìjọ yẹn ni ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) ti jáde, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Babalọlá sì wà ní Ìkejì-Arákejì lónìí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fi ọ̀rọ̀ Ṣọ̀pọ̀nná dá mi lóhùn, ó sì tọ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló le jù. Dókítà Ògúntọ́lá Sápárà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, dọ́gbọ́n wọ àárín àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná, ó sì jáde wá sọ pé àwọn kan nínú wọn ń ha èépá ara ẹni tí ìgbóná ń ṣe, tí wọ́n fi ń kó àrùn náà ran ẹlòmíràn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn àwòrò yìí kan náà ló ń kó ẹrù ẹni tí ìgbóná bá pa. Ní 1907, ìjọba fòfin de ìsìn náà. Apànìyàn ni ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kó àrùn ran èèyàn, kò sì sí ẹ̀sìn tó lè bò ó láṣìírí. Àmọ́ òfin náà kò ya apànìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìyá àgbà tó ń bọ Ọbalúayé nínú ilé rẹ̀ kí àrùn má baà wọlé tọ ọmọ rẹ̀. Àwọn olùsìn kó wọ kọ̀rọ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ti tó wọn mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé ìgbóná lọ, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí sínú òkùnkùn. Abala 38 fún wa ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ẹ̀sìn padà, àmọ́ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi í dá ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ sílẹ̀. Abala 45 ló jẹ́ kí ìjọba lè dín òmìnira náà kù nítorí ààbò ìlú, ìlera ará ìlú tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn.

Bí wọ́n ṣe lo agbára yìí lórí ẹgbẹ́ Islamic Movement in Nigeria, tí Sheikh Ibraheem Zakzaky jẹ́ olórí rẹ̀, dùn mí púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà dínà mọ́ ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ní Zaria. Dídínà kò dára, òfin sì ní ìjìyà tirẹ̀. Àmọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òkú 347 àwọn tí àwọn ọmọ ogun pa ni wọ́n kó sin pọ̀. Ìpínlẹ̀ náà fòfin de ẹgbẹ́ yìí ní 2016. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ ní Abuja láti fòfin dè é, láìjẹ́ pé adájọ́ gbọ́ tẹnu ẹgbẹ́ náà rárá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga Kaduna gbọ́ ẹjọ́ Zakzaky àti ìyàwó rẹ̀ tán, ó sì dá àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Boko Haram ńkọ́? Ìpànìyàn, ìjínigbé àti ìdánásunlé ni ẹ̀sùn tiwọn, ojúṣe ìjọba sì ni láti gbógun tì wọ́n. Síbẹ̀, Mohammed Yusuf, olórí wọn, kú ní àhámọ́ ọlọ́pàá ní 2009 láì fojú kan adájọ́, ohun tó sì tẹ̀lé ikú rẹ̀ burú ju ohun tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ìjọba Japan rí irú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1995, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Aum Shinrikyo tú gáàsì olóró sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo, èèyàn tó ju 10 lọ sì kú. Wọ́n mú àwọn tó ṣe é, wọ́n ṣẹjọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì pa 13 nínú wọn ní 2018. Wọ́n fagi lé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà, àǹfààní tí ìjọba ń ṣe fún ilé ìjọsìn sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dábàá pé kí wọ́n fòfin dè é pátápátá, ìgbìmọ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò kọ̀ ọ́ ní 1997. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1999 ni wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn tó ṣẹ́ kù. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa fara balẹ̀ kọ́ nìyẹn, dípò ohun tí Rọ́ṣíà ṣe ní 2017, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ pe gbogbo àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní agbawèrèmẹ́sìn, tí wọ́n sì ń kó àwọn tó pàdé láti ka Bíbélì sẹ́wọ̀n.

Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà wà láàárín wa níbí náà, ọ̀pọ̀ ló sì ń bínú sí wọn nítorí pé wọn kì í gba ẹ̀jẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nílẹ̀ wa ti dá ẹjọ́ méjì lórí rẹ̀. Ní 2001, ó ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ẹ̀jẹ̀ fún ara rẹ̀, bó tilẹ̀ fẹ́ la ikú lọ. Ní 2019, ó ní àwọn dókítà tó gbàṣẹ ilé ẹjọ́ láti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ ọwọ́ kan lára kò jẹ̀bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Nínú ẹjọ́ méjèèjì, àwọn adájọ́ kò fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ ìjọ náà láti máa pàdé kí wọ́n sì máa wàásù.