Bọ́tìnnì Méjì àti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀bi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé ní Àgbádárìgì, àti ẹ̀yin tá a jọ wà lókè òkun. Ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn táwọn yunifásítì òyìnbó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìyàtọ̀ ẹ̀yà àti àwọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Bó ṣe ń lọ kò ṣàjèjì sí yín: líǹkì, fídíò, ìbéèrè, ó tán. Àwọn mìíràn á tan fídíò náà sílẹ̀ kó máa dá sọ̀rọ̀, wọ́n á lọ máa ro ẹ̀bà. Ẹ̀rín ń pa mí! Aago ló ń ka ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó ń wò ó bóyá ó yé wọn.

Ìbéèrè kan ló dùn mí dọ́kàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn ìwé ìròyìn ìlú ọba gbé e jáde pé Yunifásítì St Andrews ní Scotland ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yege irú ẹ̀kọ́ yìí kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Wọ́n bi wọ́n bóyá ibi tó dáa láti bẹ̀rẹ̀ ni kéèyàn gbà pé òun jẹ̀bi, tó bá fẹ́ borí ẹ̀tanú tó fara sin sínú rẹ̀. Bọ́tìnnì méjì: mo gbà, mi ò gbà. Ẹni tó bá tẹ "mi ò gbà", ó kùnà nìyẹn.

Kùnà kẹ̀? Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Ọmọ Àgbádárìgì tó dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹrú Vlekete, tó ti rí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú nílé ìdílé Mobee, tó mọ̀ pé wọ́n ta Séríkí Williams Abass fúnra rẹ̀ lẹ́rú kó tó di ẹni tó ń ta ẹrú, èwo nínú bọ́tìnnì méjèèjì ni kó tẹ̀?

Mo ti ń gbọ́ ohùn yín. "Àbúrò, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi àwọn ọmọ wa ṣẹ̀sín níbẹ̀ ni?" Rárá o! Kí wọ́n máa fojú àwọ̀ díwọ̀n iṣẹ́ ọmọ, ó ń dùn mí wọra. Ìdí tí mo fi ń bínú gan-an nìyẹn, torí ipá kì í wo àrùn yẹn. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ méjì, Frank Dobbin ti Harvard àti Alexandra Kalev, kọ ọ́ ní 2016, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ilé iṣẹ́ tó lé ní 800 wò ní Amẹ́ríkà. Níbi tí wọ́n ti fipá mú àwọn máníjà gba ẹ̀kọ́ náà, lẹ́yìn ọdún 5, ìpín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn máníjà fi nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Dín kù o! Ẹni tí wọ́n bá tì síbi tí kò fẹ́ máa ń ṣorí kunkun ni. Níbi tí wọ́n ti fínnú fíndọ̀ lọ, ìpín àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí i. Níbi tí wọ́n ti fa ọ̀dọ́ lé àgbà lọ́wọ́ kó máa tọ́ ọ sọ́nà, ìpín àwọn ẹ̀yà kan láàárín àwọn máníjà fi ìdá 9 sí 24 nínú ọgọ́rùn-ún gbèrú. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ ni wọ́n wò, kì í ṣe yunifásítì, àmọ́ ọmọ èèyàn kan náà ló wà níbẹ̀.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ìjọba fòfin dè é." Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ti ṣe é. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024, òfin SB 17 ní yunifásítì ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi irú ẹ̀kọ́ yìí ṣe ọ̀ranyàn mọ́. Títí débẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ti àwọn ọ́fíìsì DEI pa, ìyẹn àwọn ọ́fíìsì tó ń rí sí i pé gbogbo ẹ̀yà rí àyè, kí wọ́n sì dọ́gba. Ní Yunifásítì Texas tó wà ní Austin, ibùdó táwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe òyìnbó ti ń rí ara wọn di títì pa lọ́jọ́ náà gan-an. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́!

Ohun téèyàn lè fojú rí ni kí wọ́n fi máàkì sí: òfin ilé ìwé, ibi tí wọ́n ti ń fẹjọ́ sùn, iye ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ fi dé. Tó bá kan ẹ̀bi, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà, kí akẹ́kọ̀ọ́ bíi 12 jókòó yíká, kí olùkọ́ panu mọ́. Tí ọmọ Àgbádárìgì yẹn bá la ẹnu, wákàtí kan ò ní tó o láti fi sọ ohun tó rí nílé Mobee.