Ta Lẹ̀gbọ́n Nínú Àwọn Ọmọ Cronus?

FÚNMI: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa lọ́nà ibi iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń dáná. Èmi Fúnmi rèé ní London. Kẹ́hìndé, ṣé dáadáa ni ní Houston?

KẸ́HÌNDÉ: Adúpẹ́, Àǹtí Fúnmi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kò jẹ́ kí n tètè sùn. Ṣé àbíkẹ́yìn ni Zeus lóòótọ́, olórí gbogbo òrìṣà àwọn Gíríìkì?

FÚNMI: Bí Hesiod ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Akéwì ará Ascra ni, ó ti tó nǹkan bí 2,700 ọdún. Ó ní Gaia, ìyẹn Ilẹ̀, dá bí Ouranos, ìyẹn Sánmà, láìlọ́kọ. Ó wá fi ọmọ yẹn ṣe ọkọ, wọ́n sì bí àwọn òrìṣà àtijọ́ 12 tí wọ́n ń pè ní Titan, Cronus ni wọ́n bí kẹ́yìn nínú wọn. Wọ́n tún bí àwọn olójú kan mẹ́ta, àti mẹ́ta mìíràn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí 50 àti ọwọ́ 100.

KẸ́HÌNDÉ: Ouranos ò sì fẹ́ rí wọn. Bí wọ́n ṣe ń bí wọn ló ń tì wọ́n padà sínú ìyá wọn. Ìrora yẹn ni Gaia ò lè fara dà mọ́ tó fi ṣe dòjé kan, tó ní ta ló máa gba òun. Ẹ̀rù ba gbogbo wọn, àfi Cronus. Òun ló fi dòjé náà gé nǹkan ọmọkùnrin bàbá ẹ̀, ó jù ú sókun. Ìfófó hó yí i ká, Aphrodite sì tinú ẹ̀ jáde.

FÚNMI: Homer, akéwì Gíríìkì mìíràn, ní tiẹ̀ ní ọmọ Zeus àti Dione ni Aphrodite. Wọn ò fẹnu kò lórí ìran yìí rárá.

KẸ́HÌNDÉ: Nígbà tó wá kan Cronus, wọ́n sọ fún un pé ọmọ òun náà ló máa gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀. Ló bá ń gbé wọn mì: Hestia, Demeter, Hera, Hades, Poseidon. Nígbà tí Rhea bí Zeus, ó gbé e pamọ́ sí erékùṣù Kírétè, ó fi aṣọ ìkókó wé òkúta, ó gbé e fún ọkọ ẹ̀. Cronus gbé òkúta mì.

FÚNMI: Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Nígbà tí Cronus bì wọ́n jáde, òkúta tó mì kẹ́yìn ló kọ́kọ́ jáde. Orin ìyìn àtijọ́ kan wá pe Hestia ní àkọ́bí Cronus, ó tún pè é ní àbíkẹ́yìn.

KẸ́HÌNDÉ: Àǹtí, ọ̀rọ̀ ilé wa lẹ ń sọ yìí! Táyé ló kọ́kọ́ jáde, àmọ́ èmi ni ẹ̀gbọ́n, torí èmi ni mo rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Hestia tí wọ́n kọ́kọ́ bí, tó tún jáde kẹ́yìn? Bó o gbà á síwá, bó o gbà á sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ni.

FÚNMI: Àwọn Gíríìkì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló ni ààrò ilé. Níbi àsè, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta wáìnì sílẹ̀ fún, òun náà ni wọ́n sì fi ń kádìí ẹ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Zeus wá ńkọ́?

FÚNMI: Lọ́dọ̀ Homer, Zeus lẹ̀gbọ́n. Poseidon bínú, ó ní kèké làwọn mẹ́ta ṣẹ́: òun mú òkun, Hades mú ìsàlẹ̀ ilẹ̀, Zeus mú sánmà, kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fóun. Iris tó jíṣẹ́ Zeus fún un ní kó rántí pé ẹ̀yìn àgbà làwọn Erinyes, àwọn òrìṣà ẹ̀san, máa ń wà. Poseidon gbọ́ ìyẹn, ó gbà.

KẸ́HÌNDÉ: Òkúta yẹn ńkọ́?

FÚNMI: Zeus gbé e kalẹ̀ ní Delphi, ibi mímọ́ kan nílẹ̀ Gíríìkì. Pausanias, arìnrìn-àjò kan tó jẹ́ òǹkọ̀wé, débẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Jésù, wọ́n sì fi òkúta kan hàn án pé òun nìyẹn. Kò tóbi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da òróró sí i lórí, bí ọdún bá sì dé, wọ́n á kó irun àgùntàn tí wọn ò tíì ran lé e.